Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Nígbà tí Akọni Inú Kọ́míìkì Bá Di Akọni Inú Fíìmù

Lẹ́tà tí ẹ kọ sí wa lóṣù yìí lórí àwọn akọni inú kọ́míìkì àti fíìmù tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe pọ̀ gan-an. Márùn-ún ni mo mú nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Láti kékeré ni mo ti ń ka kọ́míìkì, mo sì mọ àwọn akọni inú wọn bí ẹni mọ owó. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, bí wọ́n bá ti gbé wọn wọ inú fíìmù báyìí, wọn a yí aṣọ wọn padà, wọn a sọ ẹni kúkúrú di ẹni gíga, wọn a sì da ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ wọn rú. Ṣé àwọn onífíìmù kò ka ìwé náà kún ni?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun fún lẹ́tà yín. Mo mọ irú ìbínú yẹn, nítorí ó ti ṣe èmi náà rí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín kí a ya àyípadà tó kan ara akọni lásán sọ́tọ̀ kúrò lára àyípadà tó kan òpó tó gbé e ró.

Ẹ wo Wolverine. Ènìyàn kúkúrú ni nínú kọ́míìkì, kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì mẹ́ta lọ. Hugh Jackman, tó ṣe é nínú fíìmù X-Men ti ọdún 2000, ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn òǹkàwé mọ̀ mọ́ ọn kò sí níbẹ̀. Aṣọ awọ dúdú ni wọ́n wọ̀ fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí a bá pàdé nínú fíìmù náà jẹ́ ọkùnrin tí kò rántí ìgbésí ayé rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, tí ọgbẹ́ ara rẹ̀ ń jinná lójú ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n tí ti ọkàn rẹ̀ kò jinná, tó fẹ́ dá wà, tí kò sì lè fi ọmọdébìnrin kan sílẹ̀ nínú ewu. Wolverine gan-an nìyẹn. Mo gbà pé kíkúrú rẹ̀ dùn mọ́ni nínú ìwé, nítorí pé ó ń jẹ́ kí àwọn ọ̀tá fojú kéré rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí gíga òṣèré náà gba ipò rẹ̀, ilé náà kò wó.

Ẹ wá fi èyí wé ti Judge Dredd. Inú ìwé àtìgbàdégbà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 2000 AD, ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1977. Dredd jẹ́ ọlọ́pàá àti adájọ́ pa pọ̀ nínú ìlú ńlá kan ní ọjọ́ iwájú: òun ló ń mú ọ̀daràn, òun ló ń dá a lẹ́jọ́, òun náà ló sì ń ṣe ìdájọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ kì í jẹ́ kí òǹkàwé rí ojú rẹ̀. Ẹnu àti àgbọ̀n rẹ̀ nìkan ló máa ń yọ lábẹ́ akoto. Wọn kò fi akoto yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́. Òfin ni Dredd, kò sì yẹ kí òfin ní ojú ẹnì kan tí a lè bẹ̀, tàbí tí a lè ṣàánú. Nínú fíìmù ọdún 1995, Sylvester Stallone tètè ṣí akoto náà kúrò lórí, ó sì lo èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù náà láìdé e. Bí ojú òṣèré tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe yọ báyìí, òfin kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìtàn náà di ti ọkùnrin kan tí wọ́n parọ́ ìpànìyàn mọ́, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ní ọdún 2012, Karl Urban dé akoto náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fíìmù kejì yìí kò pa owó púpọ̀ ní ilé sinimá, ó sì dùn mí, nítorí pé díẹ̀ ni fíìmù tí mo rí tó mọ akọni rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí inú bá tún ń bí yín, ẹ bi ara yín léèrè pé: bí a bá yọ nǹkan yìí kúrò lára akọni náà, ǹjẹ́ ìpinnu kan náà ni yóò ṣì máa ṣe nígbà tí ọ̀ràn bá dé? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dárí jì wọ́n. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni ìbínú náà.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí. Nínú ìwé, Spider-Man kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ òun. Kí ló dé tó fi máa ń bọ́ ìbòjú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà nínú fíìmù?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o ṣeun. Nígbà tí Stan Lee àti Steve Ditko gbé Spider-Man jáde ní ọdún 1962, ìbòjú tó bo gbogbo ojú ni wọ́n fún un, èyí kò sì pa ìwé náà lára rárá, nítorí pé ayàwòrán lè mú kí ojú funfun tó wà lára ìbòjú yẹn fẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, kí ó sì tín-ín-rín nígbà tí inú bá bí i. Yàtọ̀ sí èyí, òǹkọ̀wé lè kọ èrò ọkàn rẹ̀ sínú ìkùukùu kékeré lókè orí rẹ̀, kí ìwọ tó ń kà á mọ̀ pé bó ti ń fi ọ̀tá ṣẹ̀sín yìí, owó ilé ló ń rò nínú. Kámẹ́rà kò ní ìkùukùu yẹn. Ohùn òṣèré àti ìrìn ara rẹ̀ nìkan ló kù bí a bá ti fi aṣọ dí ojú rẹ̀, àwọn olùdarí eré sì máa ń bẹ̀rù pé ìwọ̀nyí kò tó láti fi pa òǹwòran lẹ́kún.

Àwọn kan ti wá ọgbọ́n sí i. Nínú Iron Man ti ọdún 2008, wọ́n gbé kámẹ́rà wọ inú akoto lọ, tí a fi ń rí ojú Robert Downey Jr. níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà kò ti lè rí i. Ní ọdún 2016, nígbà tí Spider-Man yọ nínú Captain America: Civil War, wọ́n ṣe ojú ìbòjú rẹ̀ bí ẹ̀rọ tó ń ṣí tó sì ń pa dé, kí ó lè ṣe ohun tí ayàwòrán ń fi gègé ṣe tẹ́lẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà mú kí ìbòjú Deadpool, akọni kọ́míìkì mìíràn, máa fajú ro, kí ó sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n bí ìwọ kò bá tíì wo Spider-Man 2 ti ọdún 2004, lọ wò ó nítorí ibi tí ó ti dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Ìbòjú kò sí lójú rẹ̀ mọ́, agbára rẹ̀ ti tán, àwọn èrò ọkọ̀ fi ọwọ́ gbé e kọjá lórí wọn, wọ́n sì wá rí i pé ọmọ kékeré ni ẹni tó gba ẹ̀mí wọn là. Àwọn ọmọdé méjì ló dá ìbòjú náà padà fún un, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀, àṣírí tó ń dá gbé tẹ́lẹ̀ di ohun tí àwọn àjèjì bá a gbé, bíbọ́ ìbòjú bẹ́ẹ̀ sì ní ìdí.

Ìbéèrè: Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ ná: ìtàn wà, àwòrán wà. Kí ló dé tí wọn kò kàn ṣe àdàkọ kọ́míìkì náà láti àpótí àwòrán kan dé èkejì, kí àríyànjiyàn tán?

Ìdáhùn: Wọ́n ti dán an wò, àbájáde rẹ̀ sì kọ́ mi ní ohun púpọ̀ nípa ìwé àti nípa fíìmù. Ẹ jẹ́ kí a mú Watchmen, tí Alan Moore kọ, tí Dave Gibbons sì ya, tó jáde ní apá méjìlá láàárín ọdún 1986 àti 1987. Zack Snyder fi ṣe fíìmù ní ọdún 2009, ọ̀pọ̀ àwòrán inú rẹ̀ ló sì bá ti ìwé mu débi pé ẹ lè gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wò ó, ó wù mí lójú, ṣùgbọ́n kò wọ̀ mí lára bí ìwé náà ti wọ̀ mí lára.

Ó gbà mí ní àkókò kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ní apá karùn-ún ìwé yẹn, wọ́n to àwọn ojú ewé bíi dígí: ètò àpótí tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ bá ti ìgbẹ̀yìn mu, èkejì bá èyí tó ṣáájú ìgbẹ̀yìn mu, títí tí wọ́n fi pàdé láàárín. Òǹkàwé tó bá fura yóò ṣí ìwé padà sẹ́yìn, yóò fi ìka sí ojú ewé kan, yóò sì fi wé òmíràn. Fíìmù ń sáré lọ ní àwòrán mẹ́rìnlélógún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Àlàfo tún wà láàárín àpótí kan àti èkejì. Bí àpótí kìíní bá fi ẹ̀ṣẹ́ tí a gbé sókè hàn, tí èkejì sì fi ẹni tó ti ṣubú hàn, inú yín ni wọ́n ti lu ẹ̀ṣẹ́ náà. Ẹ̀yin lẹ pinnu bó ṣe dùn tó. Fíìmù gbọ́dọ̀ fi ìlù náà hàn yín. Mo rò pé nítorí èyí ni Snyder ṣe máa ń mú kí eré rọra lọ bí ẹni wà lábẹ́ omi: ó fẹ́ dá àkókò ìwòran padà fún wa. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá dúró, ohun tó rí ló dá a dúró, nígbà tó jẹ́ pé nínú fíìmù olùdarí ló fi agbára dì í mú.

Sin City ti ọdún 2005, tí Robert Rodriguez àti Frank Miller tó ya ìwé rẹ̀ jọ darí, bọ́ sí i jù lójú mi, nítorí pé dúdú àti funfun, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ ni ìwé náà fi ń sọ̀rọ̀, ohun èlò sinimá sì nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Èyí tó wá tayọ ni Spider-Man: Into the Spider-Verse ti ọdún 2018, fíìmù àwòrán tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar. Wọn kò da àpótí kọ. Wọ́n béèrè ohun tí fíìmù lè ṣe tó máa ṣiṣẹ́ tí àpótí ń ṣe. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀, Miles Morales, kò tíì mọ agbára rẹ̀ lò, wọ́n mú kí àwòrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìlọ́po méjì àkókò tí ti ọ̀gá rẹ̀ fi ń dúró, kí ìrìn rẹ̀ lè máa kọsẹ̀ díẹ̀ lójú wa. Bí ó ti ń mọ̀ ọ́n sí i ni ìrìn náà ń já gaara. Òǹwòran tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ìbéèrè: Ṣé fíìmù nìkan ló ń gbà lọ́wọ́ ìwé ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Nígbà tí Superman kọ́kọ́ jáde ní ọdún 1938, bíi tata ló ń fò, kì í ṣe bí ẹyẹ. Rédíò àti fíìmù àwòrán tí wọ́n fi í ṣe ní àwọn ọdún 1940 wà lára ohun tó sọ ọ́ di ẹni tó ń fò lójú ọ̀run. Orí rédíò ni kryptonite, òkúta tó ń sọ ọ́ di aláìlágbára, ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1943 kí ó tó wọ inú ìwé. Harley Quinn náà, obìnrin ọ̀daràn inú ìtàn Batman, orí tẹlifíṣọ̀n ló ti wá ní ọdún 1992.

Ìbéèrè: Olóòtú wa, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ẹ ti rí akọni kan rí tí fíìmù tọ́jú ju ìwé lọ? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kò ṣeé ṣe.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín pé kí wọ́n wo Black Panther ti ọdún 2018, tí Ryan Coogler darí.

Láti ọdún 1966 ni T'Challa, ọba tó jẹ́ Black Panther náà, ti wà nínú kọ́míìkì, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ló sì ti gbé e kọjá lọ́wọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ti akọni inú kọ́míìkì rí: kò sí ìwé kan ṣoṣo tó jẹ́ òun. Ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe fíìmù lè kó iṣẹ́ àádọ́ta ọdún jọ síwájú, kí ó ṣa èyí tó dára, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ wo M'Baku, ọ̀tá T'Challa nínú ìwé. Ní ọdún 1969 tí ó kọ́kọ́ jáde, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é túmọ̀ sí ọkùnrin-ọ̀bọ, awọ ìnàkí funfun ni wọ́n sì fi bò ó lára. Ó máa ń tì mí lójú láti ka àwọn ojú ewé yẹn. Fíìmù náà gbé orúkọ yẹn sọnù, ó fún un ní àwọn ènìyàn rẹ̀, òkè rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ àti àwàdà rẹ̀, síbẹ̀ kò gba ìdíje rẹ̀ pẹ̀lú T'Challa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Òpó kò yẹ̀, a kàn yọ ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé kọ́ ọ rí.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin tí à ń pè ní Dora Milaje. Christopher Priest, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn náà ní ọdún 1998, ló mú wọn wá, ìṣẹ̀dá ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀, wọ́n jẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọba, wọ́n sì tún jẹ́ ìyàwó tí ọba lè fẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Fíìmù náà mú ọ̀rọ̀ ìyàwó kúrò, ó sì fi Okoye ṣe olórí wọn, jagunjagun tó búra fún ìtẹ́. Nígbà tí ìtẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Killmonger, ọ̀tá T'Challa nínú fíìmù náà, Okoye dúró ti ìtẹ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omijé wà lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́. Okoye inú fíìmù nìkan ló lè ṣe ìpinnu yẹn, nítorí pé ẹni tó bá ń retí àtidi ìyàwó T'Challa kò ní láti rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó bá a sá lọ.