Béèrè ẹ̀rọ tó o máa lò kí o tó sanwó M.Sc. fisíìsì

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní second class lower lo fi jáde nínú fisíìsì, pé ó ti pé ọdún 2 tí o ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ṣàgámù, pé ọkàn rẹ ń fà sí M.Sc. ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ń sọ pé owó rẹ ni o fẹ́ fi ṣòfò. O wá béèrè bóyá kí o lọ, àti bóyá solid state, ẹ̀ka fisíìsì tó ń wo bí àwọn nǹkan líle ṣe rí nínú, ni kí o mú.

Lọ. Èmi náà, second class lower ni mo mú wọlé, wọ́n sì gbà mí. Third class ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ ṣe PGD, ìyẹn díplómà lẹ́yìn dígírì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó yẹ kí n fi oṣù 18 ṣe, ó gbà mí tó ọdún 4, kì í sì í ṣe ìṣirò ló dá mi dúró. Ẹ̀rọ ni.

Èmi náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú solid state. Orúkọ rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú. Mo ní mo fẹ́ ṣe thin film, ìyẹn kí èèyàn tẹ́ èròjà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, kó wá wò ó bóyá ó lè wúlò fún sólà. Súpáfáísọ̀ mi fọwọ́ sí i, mo sanwó, mo ṣe kọ́ọ̀sì sẹ́mísítà méjì, inú mi ń dùn. Ọjọ́ tí mo wọ làábù láti bẹ̀rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ìléru wọn, ààrò tí a fi ń yan èròjà, ti jóná láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ẹ̀rọ X-ray tí a fi ń wo bí kírísítà ṣe tò kò sí níbẹ̀ rárá. Mo ní láti fi gíláàsì mi ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, kí n sì sanwó lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fi òwú di mẹ́fà, mo tò wọ́n sínú páálí bàtà, mo gbé e lé ẹsẹ̀ nínú mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde kí wọ́n má bàa fọ́. Oṣù 5 ni mo fi ń pe àwọn tó ní ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní ẹ̀rọ bàjẹ́. Nígbà tó yá, wọn ò gbé fóònù mọ́. Oyún àkọ́bí mi wà nínú mi nígbà náà, mo sì ń rò ó lóru pé bóyá òótọ́ ni àwọn tó ní orí mi ò pé é.

Lẹ́kítọ́rà àgbà kan ló yọ mí. Kò bá mi sọ nǹkan púpọ̀. Ó kàn bi mí pé, “Kí ló wà nínú ilé yìí tó ń ṣiṣẹ́ lónìí, tí o lè fi wọn nǹkan?” Mo wá a káàkiri. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣiṣẹ́ ni àpótí tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná mànàmáná, pẹ̀lú wáyà rẹ̀, irin rẹ̀ mẹ́rin àti bátìrì mọ́tò. Bí mo ṣe bọ́ sí geophysics nìyẹn, fisíìsì tí a fi ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà. Ìwọ tó o ń gbé Rẹ́mọ, o máa mọ̀ pé ilẹ̀ wa ò rí bákan náà. Láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí apá òkun, iyanrìn àti amọ̀ ló tò lé ara wọn nísàlẹ̀. Tó o bá ti kọrí sí Ago-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àpáta líle ló wà lábẹ́. Omi kì í gbé inú irú àpáta bẹ́ẹ̀ àfi ibi tó bá ti jẹrà tàbí tó ti sán. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan fi lè gbẹ́ kànga tí omi kún inú rẹ̀, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ kó sì bá eruku.

Irin méjì tòde la fi ń ran iná wọ inú ilẹ̀, méjì tó wà láàárín la fi ń wọn fólítéèjì. Bí a bá ṣe ń sún àwọn tòde jìnnà síra ni iná ń wọlẹ̀ sí i. Bí mo ṣe ka á nínú ìwé nìyẹn. Lóṣù kejì ọdún, ilẹ̀ pupa gan bíi bíríkì, mo fi òòlù kan irin mọ́lẹ̀, nọ́ńbà tó ń jáde ń fò bí eṣinṣin, méjì ò jọra. Mo rò pé àpótí yìí náà ti bàjẹ́. Lẹ́kítọ́rà ní kí n lọ ra iyọ̀ ní ọjà, kí n pò ó mọ́ omi nínú kẹ́ẹ̀gì, kí n dà á sí ìdí irin kọ̀ọ̀kan. Iná ò rí ọ̀nà gbà nínú ilẹ̀ gbígbẹ ni. Mo da omi iyọ̀, mo dúró díẹ̀, nọ́ńbà náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí mo ṣe ń sún irin tòde jìnnà síra, ó jẹ́ 640, 410, lẹ́yìn náà 90, 85, kó tó tún máa gòkè. Nígbà tí mo yà á sórí pépà, ó lọ sílẹ̀ bí ọpọ́n, ó sì gòkè padà. Ìsàlẹ̀ ọpọ́n yẹn ni àpáta tó jẹrà tó lè gba omi sára. Ìyá àgbà kan tí kànga rẹ̀ máa ń gbẹ lọ́dọọdún gbé bẹ́ǹṣì jáde fún mi kí n lè jókòó pẹ̀lú oyún, ó ní, “Ọmọ mi, kí lo rí?” Mo fi han án pé ẹ̀yìn ilé ni àpáta tó jẹrà náà ti jìn jù, kì í ṣe iwájú tí wọ́n ti gbẹ́ tàkọ́kọ́. Láti ọdún tí mo ti ń ka fisíìsì, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ẹnìkan pẹ̀lú rẹ̀.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ solid state lo fẹ́ lóòótọ́, mú un. Ṣùgbọ́n kí o tó ra fọ́ọ̀mù, lọ sí làábù náà fúnra rẹ. Ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níṣojú rẹ. Wá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lábẹ́ súpáfáísọ̀ yẹn, bi í pé oṣù mélòó ló lò. Tí ẹ̀rọ ò bá sí, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà wà nínú solid state tí kò nílò ìléru kankan. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, o lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lálẹ́ yìí.

Ní ti kọ́ọ̀sì, mathematical methods, ìṣirò tí fisíìsì ń lò, ni kí o múra sí jù, torí òun ló wà lábẹ́ quantum mechanics (bí àwọn nǹkan kéékèèké bí átọ́ọ̀mù ṣe ń ṣe) àti electrodynamics (ìmọ̀ iná mànàmáná àti mágínẹ́ẹ̀tì). Ibẹ̀ ni àwa second class lower ti máa ń yọ̀ ṣubú. Mo ń jí ní aago 4 ìdájí láti fọwọ́ ara mi yanjú ìbéèrè, mi ò ka ojútùú ẹlòmíràn. Má gbà kí máàkì rẹ bọ́ sábẹ́ 60 tó o bá ní PhD lọ́kàn.

Ti òkè òkun tó o béèrè: wo ICTP, ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí fisíìsì àgbáyé ní Trieste, Ítálì, èyí tí Abdus Salam dá sílẹ̀ ní 1964. Wọ́n ní diploma ọdún kan fún àwa tó wá láti irú orílẹ̀-èdè wa, wọn kì í gba owó ilé-ìwé, wọ́n sì ń fúnni lówó àtijẹ. Wo AIMS náà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣirò ti Áfíríkà. Ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka fisíìsì máa ń gba èèyàn sí PhD tààrà láìní M.Sc.

Má tíì fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀. Bá ọ̀gá rẹ sọ ọ́, kí wọ́n kó kíláàsì rẹ sí ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀. Kí o sì béèrè transcript rẹ, ìwé tó kó àwọn máàkì rẹ jọ, lọ́la. Tèmi gba oṣù 7 kó tó kúrò ní ọ́fíìsì kan ṣoṣo.

Mo ṣì máa ń lọ fa wáyà láti wọn ilẹ̀ ní àwọn Sátidé kan. Tó o bá fẹ́ fojú ara rẹ rí i, sọ níbí, màá sọ ọjọ́ fún ọ. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀.