Ṣé ẹ̀rọ MRI lè rí orí inú?

Ìbéèrè: Àwọn àgbà wa ní Ìjerò-Èkìtì máa ń sọ pé ojú kò lè rí orí inú. Mo wá gbọ́ pé MRI, ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, ti ń ya àwòrán kẹ́míkà inú ọpọlọ. Ṣé a ti rí i nìyẹn?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìpín tí ẹ̀dá yàn lọ́dọ̀ Àjàlá là ń pè ní orí inú. Ọpọlọ lọ́tọ̀, ẹni tó gbọ́n là ń pè ní ọlọ́pọlọ pípé. Bí a bá ń bọrí, orí òde la ń fi obì àti omi tútù kàn, torí òun ló dúró fún èyí tí ọwọ́ kò tó.

Ẹ̀rọ náà pàápàá kì í rí kẹ́míkà bí ẹ ṣe rò ó. Omi inú ara ló ń kà. Dopamine, kẹ́míkà kan tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, kéré jù fún un, àfi kí wọ́n wá ohun tí yóò jẹ́ aṣojú rẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT àti Caltech ní Amẹ́ríkà mú prótéènì bakitéríà kan tó ní irin nínú, wọ́n ń tún un ṣe títí ó fi ń di dopamine mú. Bí prótéènì náà bá ṣófo, omi ń kan irin yẹn, àwòrán á mọ́lẹ̀. Bí dopamine bá gba àyè omi, ìmọ́lẹ̀ á dínkù.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwòrán lè ṣókùnkùn nítorí pé prótéènì náà ti ń ṣàn lọ, kì í ṣe nítorí dopamine. Wọ́n ní láti fi prótéènì mìíràn tí kì í di dopamine mú wé e. Bẹ́ẹ̀ bí prótéènì náà bá kéré, ẹ̀rọ kò ní í rí i. Bó bá pọ̀, yóò máa gba dopamine tí ọpọlọ fẹ́ lò.

Inú ọpọlọ eku ni wọ́n ti dán an wò, wọ́n sì lu ihò sí agbárí eku náà kí wọ́n tó rọ prótéènì náà sí i, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ ní ìdènà tí kì í jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá. Nítorí náà, ẹ má bèèrè rẹ̀ nílé ìwòsàn l'Ádó. Abẹ́rẹ́ contrast, èyí tó ń mú kí àwòrán MRI hàn kedere, tí wọ́n ń fún ènìyàn níbẹ̀ ní irin kan tó ń jẹ́ gadolinium nínú. Ó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn, àti ibi tí ìdènà yẹn ti bàjẹ́, bí ibi tí kókó bá hù sí. Kò mọ dopamine rárá. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, kó tètè sọ fún dókítà kí wọ́n tó gún un.