Ẹ Bi Wá: GPS Àfọwọ́mú fún Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Tó Ń Wá Àpótí Geocaching

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Èmi àti àbúrò mi máa ń gun kẹ̀kẹ́ jáde láti Òkè-Fìà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà mìíràn a gba ọ̀nà Ìkìrun, nígbà mìíràn ọ̀nà Ìlobùú. Fóònù la fi ń wá àpótí geocaching. Oòrùn kì í jẹ́ ká rí ojú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ á sì ti kú ká tó padà délé. A fẹ́ ra GPS àfọwọ́mú tí àlàyé gbogbo àpótí á wà nínú rẹ̀, ká yé kó ìwé dání. Wọ́n dárúkọ eTrex 10, eTrex 22x, eTrex 32x àti Oregon 700 fún wa. Èwo ni ká mú?
– Òǹkàwé, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ mú eTrex 22x. Bí apá yín bá ká 32x, òun ló tún dáa jù.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ nípa eré yìí: ẹnì kan á fi àpótí kékeré pamọ́ síbì kan, á kọ nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ẹlòmíràn á sì fi GPS wá a, wọ́n á kọ orúkọ sínú ìwé tó wà nínú rẹ̀. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ló bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, gẹ́rẹ́ tí ìjọba ibẹ̀ yọ ìdíwọ́ tí kì í jẹ́ kí GPS aráàlú ṣe déédéé. Láyé ìgbà yẹn, orúkọ àpótí àti nọ́ńbà ibùdó nìkan ni ẹ̀rọ ń gbà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ ìyókù sórí ìwé. Ẹ̀rọ òde òní ń ka fáìlì GPX: àlàyé àpótí, bó ṣe tóbi tó, bó ṣe ṣòro tó, ìtọ́ka ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, àti ohun tí àwọn tó wá a kẹ́yìn sọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ dárúkọ ló ń ka GPX, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí oníṣòwò fi ìyẹn gbówó lórí yín.

Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bátìrì AA méjì, irú èyí tí à ń fi sí aago ara ògiri, ni gbogbo wọn ń lò. eTrex 22x àti 32x lè fi méjì yìí ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 25. Oregon 700 ò ju wákàtí 16 lọ. Bó bá kú lójú ọ̀nà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó parí. Ẹ ra èyí tó ṣeé gba iná sí, NiMH, tí wọ́n kọ 2000 mAh tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ sì ní mẹ́rin: méjì nínú ẹ̀rọ, méjì nínú àpò. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ibi ìtò ẹ̀rọ (Setup), kí ẹ sọ fún un pé NiMH ló wà nínú rẹ̀. Agbára NiMH jẹ́ fólítì 1.2, ti bátìrì alkaline, èyí tí kì í gba iná sí, jẹ́ 1.5. Bí ẹ̀rọ bá rò pé alkaline ni, á máa pariwo pé bátìrì ti fẹ́ẹ́ tán nígbà tó ṣì kún dáadáa. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lójú títì máa ń dami, omi náà sì ń jẹ irin inú ẹ̀rọ. Bí ẹ ò bá ní í lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ yọ ọ́.

Ti ojú ẹ̀rọ ńkọ́? Ojú Oregon tóbi, ìka ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì rọrùn láti fi tẹ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ kọ́ ló ti dáa jù. Omi òjò tàbí òógùn tó bá kán sí i lè dà á láàmú, ìka náà ò sì lè rí ibi tó ń tẹ̀ láìwò ó. Bọ́tìnì ni ti eTrex. Àtàǹpàkò á mọ ibi tí wọ́n wà láìpẹ́, ojú yín á sì wà lójú ọ̀nà, níbi tí ọ̀kadà àti kòtò wà. Ojú eTrex tún ń mọ́ sí i nínú oòrùn ni, ẹ kàn pa iná ẹ̀yìn rẹ̀.

eTrex 10 rọjú lówó lóòótọ́, àmọ́ dúdú àti funfun lásán ni, kò sì ní ihò káàdì. Máàpù inú rẹ̀ ò ní fi ọ̀nà ẹsẹ̀ hàn yín. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tó ní afárá àti èyí tó kú sínú oko. 22x ń gba káàdì microSD: ẹ lè gba máàpù OpenStreetMap tí wọ́n ti ṣe fún Garmin, ilé-iṣẹ́ tó ṣe àwọn ẹ̀rọ yìí, lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi fáìlì gmapsupp.img sínú fódà Garmin lórí káàdì náà.

Ibi tí 32x ti ta 22x yọ ni ogún mítà tó kẹ́yìn. 22x ò ní kọ́ńpáàsì. Ìrìn yín ló fi ń mọ ibi tí ẹ kọjú sí, torí náà lórí kẹ̀kẹ́ kò séwu. Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ tí ẹ ń rìn jẹ́jẹ́, ọfà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri. Ẹ má tẹ̀lé e. Ẹ rin ogún ìgbẹ́sẹ̀ tààrà láìdúró, lẹ́yìn náà kí ẹ wo bí iye mítà ṣe dínkù sí. 32x ní kọ́ńpáàsì tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún un tò lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ sì jìnnà sí kẹ̀kẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, torí irin kẹ̀kẹ́ ń fà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo ra eTrex àlòkù lọ́wọ́ awọnlẹ̀ kan. Àwọn àpótí tó wá látinú fáìlì péye, ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀rẹ́ mi fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí mo fọwọ́ tẹ̀, kò sí níbẹ̀ rárá. Ó fi bí ọgọ́rùn-ún mítà yà. Ṣé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ ni?
– Òǹkàwé, Ìgbóńnà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́. Àwọn awọnlẹ̀ wa máa ń lo ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Minna, èyí tí wọ́n fi ya máàpù Nàìjíríà àtijọ́. WGS 84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n ti GPS fúnra rẹ̀, ni geocaching ń lò. Ní agbègbè Òṣogbo, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì súnmọ́ ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì bá ohun tí ẹ rí mu rẹ́gí. Fáìlì GPX ò yẹ̀ nítorí pé ẹ̀rọ mọ̀ pé WGS 84 ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ni ẹ̀rọ kà sí Minna. Ẹ lọ sí ibi ìtò tí wọ́n kọ Position Format sí, ẹ yí Map Datum (ìpìlẹ̀ ìwọ̀n) sí WGS 84, kí ẹ tún nọ́ńbà náà tẹ̀.

Níbẹ̀ kan náà, ẹ yan hddd°mm.mmm' (dígírì, mínítì àti ìdá mínítì), torí bí geocaching ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Bí ọ̀rẹ́ yín bá kọ N 07° 46.250', tí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bíi mínítì 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25, ẹ ti fi nǹkan bí 300 mítà lọ sókè. Mínítì 46.250 jẹ́ mínítì 46 àti ìṣẹ́jú-àáyá 15.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn tó ra àlòkù láàmú: Pocket Query, ìyẹn àkójọ àpótí tí ẹni tó san owó ẹgbẹ́ ń gbà ní geocaching.com, máa ń wá nínú fáìlì zip. Ẹ tú u, kí ẹ kó fáìlì méjèèjì inú rẹ̀ sínú fódà Garmin/GPX. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí -wpts ni ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ àtàwọn ibùdó mìíràn wà, ẹ má jù ú nù. Pocket Query kan lè gba àpótí 1000, ìyẹn sì tó bá a ṣe wà níhìn-ín, torí àpótí ilẹ̀ wa ò pọ̀ bíi ti Jámánì. Àwọn tí ẹ bá rí á wà nínú geocache_visits.txt, fáìlì yìí lẹ máa gbé sórí ìkànnì náà nígbà tí ẹ bá padà délé.

ÌBÉÈRÈ: GPS mi máa ń kú fúnra rẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá bọ́ sí kòtò, bẹ́ẹ̀ bátìrì kún.
– Òǹkàwé, ọ̀nà Ìbókun

ÌDÁHÙN: Bátìrì ló ń fò kúrò lára irin tó gbé e dúró. Ẹ fi rọ́bà ìparẹ́ pẹ́ńsù nu etí bátìrì àti irin náà, kí ẹ sì lẹ fóòmù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ inú ìdérí kó lè tẹ bátìrì mọ́lẹ̀. Bí ìdérí ò bá pa dé mọ́, fóòmù yẹn ti nípọn jù. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó gbé ẹ̀rọ sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: ẹ bu túùbù táyà àtijọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ẹ wé e mọ́ irin kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó fa okùn ike lé e lórí. Kò ní yí mọ́, á sì dín gbígbọ̀n kù. Ẹ so okùn ẹ̀rọ mọ́ kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú. Ìdè lè já, okùn ò ní jẹ́ kó dé ilẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè fi àpótí tèmi pamọ́ sínú Igbó Ọ̀ṣun, kí àwọn àlejò máa wá a?
– Òǹkàwé, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ibi mímọ́ ni, ó sì ti wà nínú àkọsílẹ̀ UNESCO láti ọdún 2005. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa tú ìdí igi àti ojúbọ níbẹ̀ kiri. Ibikíbi tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ gba àṣẹ onílẹ̀, ẹ má gbẹ́lẹ̀, kí ó sì jìnnà tó mítà 161 sí àpótí mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn alábòójútó geocaching.com ò ní fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ abẹ́ igi ńlá lẹ rí àṣẹ sí, ẹ má gba nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan péré, torí ewé ń dí sátẹ́láìtì lọ́wọ́. Waypoint Averaging, ètò tó ń pa ìwọ̀n púpọ̀ pọ̀ láti fi wá àárín wọn, wà nínú eTrex. Ẹ gba ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́jọ, kí àárín ọ̀kan sí èkejì má dín ní ìṣẹ́jú 90, torí sátẹ́láìtì á ti sún kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀.