Màmá ní kí n gba ìwé onídán lọ́wọ́ ọmọ mi

Ìbéèrè: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. London ni mo ń gbé, Ìtọ́kò ní Abẹ́òkúta ni ilé bàbá mi. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 13, ìwé ìtàn onídán tí wọ́n ń kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba ló kù tó ń kà láyé. Mẹ́rin, márùn-ún ló máa ń kó wálé láti láíbìrérì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tó bá di alẹ́ Sátidé, òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìtọ́kò á jókòó ti fóònù, wọ́n á máa jiyàn lórí ẹni tó lágbára jù nínú ìtàn. Èyí tí wọ́n wà lórí ẹ̀ báyìí ni Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ. Màmá mi ló wá gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọmọ mi ń ka ọfọ̀ inú ẹ̀ sókè lórí fóònù. Wọ́n ké "Jésù!", wọ́n ní kí n gba ìwé náà lọ́wọ́ ẹ̀ kíá. Ṣé kí n gbà á? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà tún ní kí n fún òun ní nọ́ńbà káàdì láíbìrérì wa, nítorí kò rí ìwé ọ̀hún yá lọ́dọ̀ wọn. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Dublin lèmi wà, Ìbarà ní Abẹ́òkúta náà ni wọ́n ti bí mi. Ẹ má gba ìwé náà o. Mo ti gba irú ẹ̀ rí lọ́wọ́ tèmi, mo tì í mọ́ inú wọ́dúróòbù. Kò bá mi jà, kò sunkún. Ó kàn gbé fóònù ẹ̀, ó dojú kọ ògiri. Ó tó oṣù mẹ́ta kó tó tún ṣí ìwé kankan.

Ọfọ̀ tí màmá gbọ́ yẹn, Yorùbá ni. Ọmọ tí ẹ bá kí ní "ẹ káàárọ̀" tó ń fi gẹ̀ẹ́sì dá yín lóhùn ló ń fi ẹnu ara ẹ̀ pe Yorùbá lálẹ́ Sátidé láìsí ẹni tó lù ú! Ibi tó kù sí ni ohùn. Orúkọ orílẹ̀-èdè inú ìwé náà ni Òrìṣà, àmì oníbejì kan (ï) ni wọ́n sì fi sórí "i" ẹ̀ tí kò sí nínú Yorùbá wa rárá. Ibẹ̀ ni màmá ti wúlò.

Bí tiwa ṣe rí nìyí. Ọmọ mi ń kà fún ìyá mi lórí fídíò, ó dé ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ àṣẹ, agbára tó ń bẹ lára àwọn onídán. Ó pè é bíi "asẹ́". Ìyá mi ní, "Asẹ́ tá a fi ń sẹ́ ògì?" Wọ́n gbé fóònù kalẹ̀, a ò rí nǹkan kan ju àjà ilé lọ. Ìgbà tí wọ́n máa padà dé, asẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn, omi ògì ṣì ń kán lára ẹ̀. Wọ́n fi hàn án: "Èyí ni asẹ́. Tìwọ, àṣẹ ni." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí, kò sì ṣì í pè mọ́. Lọ́sẹ̀ kejì ni ìyá mi wá gbọ́ pé Ìlọrin jẹ́ abúlé apẹja lórí òkun nínú ìwé náà. Háà! "Òkun wo ló dé Ìlọrin?" Àtìgbà yẹn ni àwọn gan-an ti ń béèrè ibi tí ìtàn dé.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọ ló ń jẹ màmá lọ́kàn, ẹ rán wọn létí Fágúnwà. Ní 1938 tí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ilé ìtẹ̀wé CMS ló tẹ̀ ẹ́. Ìjọ Ọlọ́run ló tẹ ìwé tí iwin àti ọfọ̀ kún inú ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Amos Tutuola ní 1920. Ìwé ẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí wọ́n tẹ̀ fún un ní London ní 1952, arẹwà ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀ tó yá gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀ lò. Bó ṣe ń lọ sílé ló ń dá wọn padà fún àwọn tó ni wọ́n, tó fi ku agbárí nìkan. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé tijú gẹ̀ẹ́sì Tutuola nígbà náà. Ẹ yá ìwé náà fún ọmọ yín, ẹ ní ará ìlú ẹ̀ ló kọ ọ́.

Ní ti káàdì, ẹ má fún un. Mo fún ọmọ àbúrò mi rí. Níbí, láti 2019 kò sí owó ìtanràn fún ẹni tó bá pẹ́ dá ìwé padà, ìwé orí ẹ̀rọ sì máa ń padà fúnra ẹ̀ tí ọjọ́ bá pé, mo wá rò pé kò lè sí wàhálà. Àmọ́ iye ìwé tí káàdì kan lè yá ní òpin. Ọmọkùnrin yìí fi ìwé àfetígbọ́ kún un dé ẹnu. Ìwé tí ọmọ mi ti to ìlà dè láti ọjọ́ pípẹ́ wá kàn án, kò ráàyè gbà á, ó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀bẹ̀ ọjọ́ yẹn pọ̀! Yàtọ̀ síyẹn, ará àdúgbò ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe káàdì. Ẹ má sì gbà kí wọ́n máa fi PDF tí wọ́n jí ránṣẹ́ síra wọn o, owó ìwé náà ni ẹni tó kọ ọ́ fi ń jẹun.

Ẹ ra àlòkù, ẹ fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Ìwé Adeyemi yìí, mẹ́ta ni wọ́n lápapọ̀, 2018, 2019 àti 2024 ni wọ́n jáde, kí ọmọ yín tètè to orúkọ sílẹ̀ de èyí tó kẹ́yìn. Kí àwọn méjèèjì jọ fẹnu kò sí orí tí wọ́n máa kà dé lọ́sẹ̀, nítorí ẹni tó bá sáré kà á tán kì í lè pa ẹnu mọ́. Ìwé kejì wà nílé mi ní méjì, mi ò mọ bó ṣe jẹ́. Tí ẹ bá rí ẹni tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ pè mí, kí ọ̀kan bá a dé Ìtọ́kò.