Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì ọ̀gá, owó ò wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo sì ṣe nótíìsì oṣù kan tó wà nínú àdéhùn wa pé. Ó ti di ọ̀sẹ̀ 6 báyìí tí mo ti kúrò, wọn ò tíì san owó oṣù tó kẹ́yìn, wọn ò sì san ti ìsinmi ọdún tí n kò lò. Bí mo bá pè wọ́n, wọ́n á ní ọ̀gá tó máa fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kíliáráǹsì mi ti lọ sí ìsinmi. Ìgbà wo gan-an ló yẹ kí n gba owó mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo ti jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ṣírò owó oṣù rí, mo mọ orin tí wọ́n ń kọ sí ọ létí yẹn dáadáa. Fọ́ọ̀mù yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: òun ni wọ́n fi ń mọ̀ pé o ti dá kọ̀ǹpútà àti kọ́kọ́rọ́ padà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí o ti ṣe tán, kí ló kan owó rẹ̀ pẹ̀lú ìsinmi ẹlòmíràn?

O kò sọ orílẹ̀-èdè tí o wà, ibẹ̀ sì ni ọjọ́ ti ń yàtọ̀. Ní California ní Amẹ́ríkà, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń san owó ẹni tí wọ́n bá lé. Ẹni tó bá fúnra rẹ̀ kúrò láìṣe nótíìsì, láàárín wákàtí 72 ni wọ́n gbọ́dọ̀ san tirẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá ti UAE fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 14. Níbi tí òfin kò bá ti dá ọjọ́ kankan, Àdéhùn 95 tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ṣe ní 1949 ní kí wọ́n san án láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ 6 ti kọjá ìyẹn.

Má ṣe da gbogbo owó náà pọ̀ o. Owó oṣù àti ti ìsinmi kò ní ìṣirò tó le nínú. Kọ́míṣọ̀n lè pẹ́ díẹ̀ bí oníbàárà kò bá tíì sanwó. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn ní ìlànà tirẹ̀, má torí ẹ̀ bínú sí ẹ̀ka akáùǹtì wọn.

Yéé pè wọ́n, kọ̀wé. Kọ ọjọ́ tí o ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, iye ọjọ́ ìsinmi tó kù, ohun tí o dá padà àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ, kí o sì dá ọjọ́ tí o fẹ́ gbọ́ èsì. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ nǹkan nínú owó náà, kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀, kí wọ́n san án ná. Bí wọ́n bá gbé ìwé wá pé o ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ, má fọwọ́ sí i nígbà tí owó kò tíì wọ báǹkì. Mo ti rí ẹni tó fọwọ́ sí i torí kí wọ́n lè tètè san án, ẹjọ́ rẹ̀ le gan-an lẹ́yìn náà.

Bí ọjọ́ tí o dá bá kọjá tí wọn ò fèsì, gbé ẹ̀dà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Má fi falẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ibi ni òfin ti fi gbèdéke sí ìgbà tí èèyàn lè mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá.