Báwo ni bíbímọ àwọn ẹranko eléegun-ẹ̀yìn ṣe yàtọ̀ síra?

Ọ̀pọ̀ ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ máa ń yé ẹyin tí kò ní èèpo sínú omi, níbi tí akọ ti ń da àtọ̀ lé e lórí, ṣùgbọ́n inú ara abo ni àtọ̀ ti ń pàdé ẹyin lára àwọn afàyàfà, ẹyẹ àti ẹranko afọ́mọlọ́mú.

Iṣẹ́ àwọn tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Àkúrẹ́ fi èyí hàn kedere: wọ́n máa ń gún abo lábẹ́rẹ́, wọ́n á tẹ ikùn rẹ̀ kí ẹyin lè tú jáde sínú abọ́, wọ́n á sì po ó mọ́ àtọ̀ akọ, tí ọmọ ẹja yóò fi pa láàárín nǹkan bí ọjọ́ 1 sí 2. Irú èyí kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ẹyin adìẹ tí a ti yé, nítorí pé èèpo ti bò ó. Àtọ̀ gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú, kí adìẹ tó sàba fún ọjọ́ 21.

Ewúrẹ́ ní tirẹ̀ máa ń lóyún fún nǹkan bí oṣù 5, ó ń bọ́ ọmọ inú rẹ̀ nípasẹ̀ ibi ọmọ, ó sì ń fún un lọ́mú lẹ́yìn tó bá bí i.

Àwọn kan yàtọ̀ o. Òjòlá ń yé ẹyin, ṣùgbọ́n paramọ́lẹ̀ ń bí ọmọ láàyè, bẹ́ẹ̀ ni platypus, ẹranko afọ́mọlọ́mú kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà, ń yé ẹyin bó tilẹ̀ ń fún ọmọ rẹ̀ ní wàrà.