Ẹ Má Sanwó Ọmọ Ẹja Yẹn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹja oníyìnyín ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì. Ẹja pupa kan máa ń wà nínú páálí wa, tó ní àmì tótòtó aláwọ̀ búlúù lára, ó sì máa ń yá tà. Ẹnì kan ní òun lè kó ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó kí n máa sìn ín nínú kòtò ẹja tí ọkọ mi gbẹ́ sí Ìkẹ́rẹ́. Ó ní tí a bá ti da iyọ̀ sómi, ó parí. Ṣé kí n sanwó?
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹja òkun pọ́ńbélé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Pagrus caeruleostictus, ó sì wà létí òkun láti apá Pọtogí títí dé Àǹgólà, tó fi mọ́ òkun tiwa. Ìsàlẹ̀ omi tó le, tó ní àpáta àti òkúta, ló ń gbé. Àwọn kékeré kì í jìnnà sí èbúté. Àwọn àgbà ló ń lọ síbi tó jìn, wọ́n á tún padà sí tòsí ilẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ yé ẹyin.

Ẹ ya ẹnu ọ̀kan kẹ́ ẹ tó gé e fún oníbàárà. Eyín iwájú rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ẹ ti ìka wọlé díẹ̀ sí i, ẹ ó kan àwọn mìíràn tó rí róbótó bí ẹ̀wà. Èyí ló fi ń fọ́ akàn àtàwọn ẹran omi oníkarahun. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí eyín yẹn ni mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó bíi gíráàmù 35 ló wà. Kòtò tó gba lítà 10,000, kílò 350 nìyẹn, àpò 7 oníkílò 50! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi ńkọ́? Oko ta lẹ fẹ́ dà á sí? Ilẹ̀ tí iyọ̀ bá wọ̀ kì í gba iṣu mọ́. Ẹ sì tún wo ti omi lásán: ṣe ni omi á máa wọ ara ẹja náà, tí iyọ̀ ara rẹ̀ á máa jáde, kíndìnrín rẹ̀ kò ní lè kápá rẹ̀. Ó máa kú ni.

Ẹja àrọ̀ tàbí ẹpìyà ni kí ọkọ yín sìn, omi Èkìtì bá wọn lára mu. Ẹ máa ra ẹja pupa yín ní kóòdù-rúùmù. Bí ọkùnrin yẹn bá sì gbé ọmọ ẹja dé, ẹ tọ́ omi inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wò. Bí kò bá níyọ̀, ẹja mìíràn ló gbé wá.